Orí Keje: Nónò Tó Ń Ta Lẹ́nu

Ilé tí wọn kì í ti í da mílíìkì agolo sínú mọ́ọ̀tì kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọsibítù, ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, Maltina kan àti Peak kan ni àwọn àgbà máa ń ní kí wọ́n sáré lọ rà wá fún un. Wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ o. Irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan nínú mílíìkì, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì tún máa ń dí irin inú oúnjẹ mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú àṣà yìí tí ẹni tó bá fẹ́ fi mílíìkì ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbọ́dọ̀ fojú sí. Maltina ti wà lórí àtẹ láti 1976. Ó ti pẹ́ tí a ti ń mu mílíìkì tó ní gáàsì nínú, a kò kàn kà á sí nǹkan bàbàrà ni.

Ẹ gbé ife gíga kan sórí tábìlì, kí ẹ da mọ́ọ̀tì tútù sí i dé ìdajì, kí ẹ wá rọra máa da mílíìkì lé e. Ìfófòó á ru sókè, á nípọn, kò sì ní tètè lọ sílẹ̀ bíi ti mọ́ọ̀tì tí a kò da nǹkan kan sí. Púrótéènì inú mílíìkì ló fa èyí. Bí gáàsì ṣe ń yọ roro láti ìsàlẹ̀ ni púrótéènì ń yí ìta roro kọ̀ọ̀kan ká, tó ń fún un lẹ́wù, kí ó má baà tètè bẹ́. Ohun tó ń mú ìfófòó náà dùn ún wò nínú ife ni yóò mú kí ìgò tú jáde sí aṣọ ẹni tó bá ṣí i. Ìṣòro àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìṣòro kejì á fara hàn tó bá jẹ́ Coca-Cola lẹ da mílíìkì sí dípò mọ́ọ̀tì. Ẹ fi ife náà sílẹ̀, kí ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí ẹ bá fi máa padà dé, àwọn ègé aláwọ̀ ilẹ̀ á ti rì sísàlẹ̀ ife, omi tó kù lókè á sì ti mọ́ gaara. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó ni pH. Omi lásán wà ní 7, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Mílíìkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù wà ní nǹkan bí 6.7, Coca-Cola wà ní nǹkan bí 2.5. Casein, tó jẹ́ púrótéènì tó pọ̀ jù nínú mílíìkì, máa ń wà ní hóró kéékèèké tí ojú kò lè rí. Àwọn hóró yìí ń lé ara wọn sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rì. Bí kíkan bá ti dé 4.6, agbára tí wọ́n fi ń lé ara wọn á tán, wọ́n á sì dì mọ́ra. Àwọn tó ń ṣe wàrà ní Ìlọrin àti Ìṣẹ́yìn náà mọ bí casein ṣe ń dì, omi ara ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú un. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ èrè fún oníwàrà, àdánù ni fún ẹni tó fẹ́ ta ohun mímu.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Barnawa, àdúgbò kan ní ìlú Kàdúná, ní gúúsù odò Kàdúná. Mo yan Barnawa nítorí pé ibẹ̀ ni ohun méjèèjì tí orí yìí dá lé, gáàsì àti wàrà, ti wà nítòsí ara wọn. Kakuri, níbi tí Nigerian Breweries kọ́ ilé ọtí sí ní 1963, kò jìnnà sí i. Àwọn obìnrin Fúlàní sì ń gbé igbá nónò, ìyẹn wàrà kíkan, wọ àdúgbò láti ìgbèríko. Ìyá náà á sọ igbá kalẹ̀, á ṣí ọmọrí, á fi ìgbakọ ro nónò náà títí tí èyí tó dì nísàlẹ̀ yóò fi pọ̀ mọ́ omi, á wá bù ú lé fúrà tí wọ́n fi jéró àti ata ilẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣúgà á fi ṣúgà sí i. Mùsùlùmí ń rà á, Kìrìsìtẹ́nì ń rà á, Hausa, Gbagyi, Ígbò àti Yorùbá tó fi Barnawa ṣe ilé ń rà á. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ohun tuntun láti tọ́ wò náà wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ohun mímu tí wọn kò mọ̀ nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù, àfi kí wọ́n rà á.

Ẹ wo nónò yẹn dáadáa. Ó ti kan dé nǹkan bí pH 4. Èyí túmọ̀ sí pé ó ti kọjá ibi tí casein ti máa ń dì. Ewu tó ń dúró de mílíìkì dídùn lọ́nà ti bá nónò ná, ó sì ti là á já, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ mú un kan, kì í ṣe lójijì bíi ti Coca-Cola. Dídì rẹ̀ rọ̀, ìgbakọ lásán ti tó láti tú u. Gáàsì tí a bá wá tì sínú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ kankan láti ṣe mọ́ níbi ká sọ pé mílíìkì dì. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ṣe mílíìkì ẹlẹ́rìndòdò fún Barnawa kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí mílíìkì dídùn. Orí nónò ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn àwọn tó ti ṣe é níbòmíràn tì mí lẹ́yìn. Ní 1253, àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní William ará Rubruck rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn Mongol, wọ́n fún un ní wàrà abo ẹṣin tí wọ́n ti lù nínú àpò awọ títí tó fi kan tó sì ń hó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń ta òun lẹ́nu bí òun ti ń mu ún, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu òun bọ̀rọ̀. Ní Ìráànì, wọ́n ń fi yógọ́ọ̀tì, omi, iyọ̀ àti ewé míńtì ṣe doogh, òmíràn sì máa ń ní gáàsì nínú. Ọ̀gbẹ́ni Kaiun Mishima, ará Japan, mu wàrà kíkan lọ́dọ̀ àwọn ará Mongolia, ìyẹn ló sì sún un dé ibi tó fi gbé Calpis jáde ní 1919. Àwọn ará Switzerland gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n yọ casein kúrò pátápátá, wọ́n fi omi wàrà tó ṣẹ́kù ṣe Rivella ní 1952. Lotte ti Korea gbé Milkis dé ní 1989. Gbogbo wọn ṣì wà lọ́jà. Ní 2009, Coca-Cola dán Vio wò ní New York. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi adùn èso sí i, wọ́n sì ti gáàsì sínú rẹ̀. Kò rìn jìnnà. Ìdí tí ọjà kan fi ń kú lè pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ká kíyè sí i pé àwọn tó pẹ́ láyé, yálà kíkan ni wọ́n tàbí wọn kò ní casein.

Àwọn kan á ní ṣebí nónò fúnra rẹ̀ máa ń ní gáàsì. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ra nónò sínú ike omi ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Kàdúná ń jó ni lórí, tó sì gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò, á bá ike náà ní wíwú. Bó bá ti yí ọmọrí, á gbọ́ ṣìì. Kí ló ń ṣe gáàsì yẹn? Ìwúkàrà wà lára àwọn ohun tí a máa ń bá nínú nónò. Àwọn kòkòrò tó ń mú wàrà kan náà wà níbẹ̀, àwọn kan lára wọn ń ṣe gáàsì, àwọn kan kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́, irú E. coli, náà ń ṣe gáàsì. Etí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣìì ti ìwúkàrà àti ṣìì ti ìdọ̀tí. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nónò tó ń hó ti fi hàn pé ó dára.

Ewu tó tóbi jùyẹn lọ tilẹ̀ wà, kì í sì í hó. Wàrà tí a kò sè lè gbé àìsàn brucellosis àti ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù wọ ara ènìyàn. Kíkan nónò kò tó láti fọkàn tán pé ó ti pa wọ́n. Iná ni oògùn rẹ̀, ìwọ̀n ooru 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹni tó fẹ́ ṣe yógọ́ọ̀tì tó nípọn máa ń gbé e ga dé 85, kí púrótéènì inú omi wàrà lè so mọ́ casein, kí ó sì mú omi dání. Lẹ́yìn tí iná bá ti pa àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ tán, a óò wá fi àwọn tí a yàn fúnra wa sí i láti mú un kan. Adùn rẹ̀ kò ní rí bákan náà pẹ̀lú ti igbá. Màá fara mọ́ àdánù yẹn.

Ìwúkàrà ńkọ́? Ṣé a kò lè jẹ́ kó ṣe gáàsì náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, bó ti ń ṣe nínú kefir, wàrà kíkan àwọn ará òkè Caucasus? Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì kò lè jẹ ṣúgà inú wàrà, ìyẹn lactose, àfi kí a wá irú mìíràn tó lè jẹ ẹ́, tàbí kí a fi ṣúgà ọjà sí i. Wàhálà kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà, ìdajì rẹ̀ ló ń sọ di gáàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ìdajì kejì di ọtí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí lítà nónò kan tó hó tó bí ẹlẹ́rìndòdò ṣe máa ń hó, ó nílò nǹkan bíi gíráàmù gáàsì 6. Gíráàmù ṣúgà 12 ni ìwúkàrà máa jẹ kó tó lè ṣe é, á sì fi nǹkan bíi gíráàmù ọtí 6 sílẹ̀ sínú ìgò. Bí a bá fi ààyè tó gbà wọ̀n ọ́n, ìyẹn sún mọ́ ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ sọ fún Alhaji tó ra páálí kan fún àwọn ọmọ rẹ̀? Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún ìyá ìjọ tí kì í fi ọtí kan ẹnu? Ní Barnawa, ọjà tí ìdílé Mùsùlùmí kò bá lè gbé sórí tábìlì ti pàdánù kí ó tó dé orí àtẹ. Inú sìlíńdà ni kí gáàsì ti wá.

Gáàsì inú sìlíńdà náà kò ṣàì bá ọtí tan. Ní 1767, ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Priestley gbé omi sókè àgbá tí ọtí bíà ti ń hó nínú ilé ọtí tó wà nítòsí ilé rẹ̀, ó sì rí i pé omi náà gba gáàsì náà sára, ó ń ta lẹ́nu. Títí di òní, ilé ọtí wà lára ibi tí wọ́n ti ń gba gáàsì yìí jọ fún títà.

Omi tútù ló ń gba gáàsì. Lítà omi kan tó tutù dé òdo lórí Celsius lè gba nǹkan bíi lítà gáàsì 1.7. Ní ìwọ̀n 20, kò lè gba lítà kan pé mọ́. Ní 30, tí í ṣe ọ̀sán Barnawa nígbà tó bá rọlẹ̀ díẹ̀, kò ju nǹkan bí 0.7 lọ. Ẹni tó ń ti gáàsì sínú nónò gbọ́dọ̀ mú un tutù gidigidi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sì ń tà á lábẹ́ agboòrùn gbọ́dọ̀ ní yìnyín, nítorí pé gáàsì tó wọlé nínú òtútù yóò wá ọ̀nà àbájáde bí ooru bá dé. Iná mànàmáná nìyẹn, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ iná wà. Màá ní kí gáàsì inú nónò yìí má ju bí ìdajì ti inú Coca-Cola lọ. Ó tó láti ta lẹ́nu, ìgò kò sì ní tú sí ẹni tó bá ṣí i lára.

Ike tí wọ́n ń rọ yógọ́ọ̀tì sí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú, bí gáàsì bá tì í, á yọ gọngọ, ìgò kò sì ní lè dúró mọ́. Ẹ yí ìgò ẹlẹ́rìndòdò onike dojúdé, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ márùn-ún ni ìdí rẹ̀ ní, tí àárín wọn wọnú. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n fi ṣe. Ìdí tó rí bẹ́ẹ̀ lè fara da agbára gáàsì láìyọ. Ọ̀rá bíi ti píọ̀ wọ́tà kò tilẹ̀ ṣe é dárúkọ.

Ohun kan ṣì kù nínú ìgò, èyí tó máa ń lé àwọn oníbàárà sá: kí omi dá dúró lókè, kí funfun dá dúró nísàlẹ̀. Pectin, èròjà tí wọ́n ń yọ lára èèpo ọsàn, ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú èyí. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara hóró casein, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n tún sún mọ́ ara wọn. Díẹ̀ ló ń fẹ́. Bó bá pọ̀ jù, nónò á máa fà.

Wàrà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Màlúù funfun àwọn Fúlàní kì í fún ènìyàn ju nǹkan bíi lítà kan sí méjì lóòjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí ooru sì ń mú kí ènìyàn fẹ́ ohun tútù jù, ni wàrà ń wọ́n jù. Ilé ìwádìí NAPRI ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àtidá màlúù ilé pọ̀ mọ́ ti òkè òkun kí wàrà lè pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Arla ti Denmark náà dá oko màlúù sílẹ̀ ní Damau, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná kan náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ní Barnawa á ní láti máa po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ọn ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bó bá ti kọ ọ́ sára ìgò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ahọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé roro tó ń bẹ́ ló ń ta wọ́n lẹ́nu. Kíkan ni, kíkan tí gáàsì ń dà bí ó bá kan itọ́. Èròjà kan lórí ahọ́n ló ń sọ gáàsì di ásíìdì lójú ẹsẹ̀, iṣan ìrora á sì gbọ́. Àwọn tó ń gun òkè gíga ló kọ́kọ́ fura sí i. Oògùn acetazolamide tí wọ́n ń lò kí òkè má baà pa wọ́n máa ń dá èròjà yẹn dúró, bíà tí wọ́n bá wá mu á tẹ́ lẹ́nu wọn bí omi, bẹ́ẹ̀ ó ń hó nínú ife. Nónò ti kan tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi kíkan gáàsì kún un láìsí ohun tó ń tù ú, ojú oníbàárà á rún. Ṣúgà ló ń tù ú. Ata ilẹ̀ àti kànáfùrù tó wà nínú fúrà náà sì yẹ ẹ́, torí pé títa tiwọn bá ti gáàsì mu, ará Barnawa á sì dá òórùn rẹ̀ mọ̀ kó tó fẹnu kàn án. Ẹni tó ń sá fún ohun tuntun lè tọ́ ọ wò bó bá ti gbọ́ òórùn tó mọ̀. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nónò tó ní adùn sitirọ́bẹ́rì, kó ní ẹ ti ba nónò jẹ́.

Ikùn náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń gba lactose sára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà Yorùbá tí ara rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Fúlàní tó ń da màlúù gbà á. Lactose tí ikùn kò bá gbà á lọ di gáàsì nínú ìfun. Ẹ wá ro gáàsì inú ìgò mọ́ gáàsì inú ikùn. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí mo fi yan nónò, nítorí pé àwọn kòkòrò tó mú un kan ti jẹ díẹ̀ lára lactose yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgò kékeré ni kí ó jẹ́, kì í ṣe lítà kan.

Ẹ lè tọ́ irú rẹ̀ wò nílé láìní sìlíńdà. Ẹ wá nónò tàbí yógọ́ọ̀tì tí a fi wàrà sísè ṣe, kí ó nípọn, kí ó ti sùn nínú fíríìjì. Ẹ lu ú pẹ̀lú ṣúgà, ata ilẹ̀ tí ẹ rẹ́ àti iyọ̀ táṣẹ́rẹ́. Ẹ rọra da omi sóódà tútù sí i, ní ìwọ̀n kan náà, láti ẹ̀gbẹ́ ife, kí ẹ sì mu ún lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nónò tó bá ti ń hó fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dé e pa sínú ìgò onígíláàsì. Ó lè bú, èéfọ́ rẹ̀ sì lè fọ́ ni lójú.